Abíọ́nà àti Ewé Orí Igi

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí igbó ṣì sún mọ́ ẹ̀yìnkùlé wa ju odò lọ, obìnrin kan wà ní agboolé yìí tó ń jẹ́ Abíọ́nà. Ojú ọ̀nà oko ni ìyá rẹ̀ bí i sí. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ló ń ṣe. Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin ọmọ, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wa ti ṣẹ̀ wá.

Bí ara ọmọ tuntun bá gbóná, Abíọ́nà á lọ sídìí igi àyìnrẹ́ kan, á fi ọ̀pá gígùn fa ewé kan tó ń hù lórí ẹ̀ka rẹ̀, á fi omi ewé náà wẹ ọmọ, ara ọmọ á sì rọ̀. Àwọn àgbà ní àfòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ló bá tan. Kì í ṣe àfòmọ́ ni mò ń wí o. Àfòmọ́ ń mu omi ara igi. Ewé tí mò ń wí yìí ní gbòǹgbò tirẹ̀; ó kàn gun igi jókòó ni, bí ọmọ tí a pọ̀n. Abíọ́nà a máa wò ó títí, a máa bi ara rẹ̀ pé, “Ewé tí kò kan ilẹ̀, tí kò sì mu igi, kí ló ń jẹ?”

Ọdún kan dé, ìjì jà. Ó jà, ó jà, ó wó igi àyìnrẹ́ náà lulẹ̀. Ewé orí rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Àwọn ènìyàn ní, “Ó kúkú ti kanlẹ̀ báyìí, á rí jẹ dáadáa.” Oṣù kan kò pé tí gbogbo rẹ̀ fi jẹrà. Ó ya Abíọ́nà lẹ́nu. Ilẹ̀ tó ń bọ́ iṣu, tó ń bọ́ àgbàdo, ilẹ̀ náà ló pa ewé yìí.

Ó wá irú rẹ̀ mìíràn kiri, kò rí i. Ọdẹ́tólú, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, àti àwọn àbúrò rẹ̀ ti ṣán igbó jìnnà. Igi kéékèèké tó hù nínú oko tí wọ́n ti fi sílẹ̀, ara wọn ń dán, ewé kankan kò lè dì mọ́ wọn. Àsìkò yẹn gan-an ni Ìbídùn, ọmọ Ọdẹ́tólú, bímọ. Ara ọmọ gbóná. Omi lásán ni Abíọ́nà rí fi wẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin, ọmọ náà padà lọ.

Agbẹ̀bí kì í sunkún lójú ìyá ọmọ. Abíọ́nà gba ọ̀nà oko lọ, ó ń sunkún, ó ń wo òkè igi. Ó rìn títí dé ibi tí Ọdẹ́tólú ti ń ṣán oko tuntun. Igi àgbà kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀. Ewé náà wà lórí rẹ̀. Ọdẹ́tólú sì ti gbé àáké.

“Ẹ̀yin ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sílẹ̀.”

“Ìyàwó, igi tó bá dúró láàárín oko, ìbòji rẹ̀ kò ní jẹ́ kí iṣu ta.”

“Mo mọ̀. Abẹ́ ìbòji yẹn ni kí ẹ fi ṣe ìpín tèmi nínú oko.”

Ọdẹ́tólú wò ó. “Ilẹ̀ tí iṣu kò ní ta níbẹ̀? Kí lo máa wá jẹ?”

“Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ ohun tí ewé yẹn ń jẹ ná.”

Ọkùnrin náà sọ àáké rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, “Ọ̀rọ̀ ọmọ Ìbídùn lò ń sọ fún mi, o kò kàn dárúkọ rẹ̀ ni.” Ó gbé àáké rẹ̀ kọ́ èjìká, ó lọ.

Báyìí ni Abíọ́nà gbin kókò sábẹ́ igi náà. Kókò wẹ́ẹ́wẹ́ ló ń wa jẹ nígbà tí àwọn orogún rẹ̀ ń gún iyán. Wọ́n ń pè é ní Ìyá Oníkókò. Ó ta okùn mọ́ igi, ó gùn ún, ó fọwọ́ tú ìdí ewé náà wò. Kí ló bá níbẹ̀? Ewé gbígbẹ tó ti jẹrà, eruku, èèrà, àti ọ̀rinrin òjò tó há sínú èèpo igi tó rí ṣákiṣàki. Ó rẹ́rìn-ín lókè níbẹ̀ lóun nìkan. Ewé náà ní oko tirẹ̀, òkè ló dá a sí.

Láti ìgbà náà, bí ìjì bá ti jà tán, Abíọ́nà á ti jáde. Ewé tó bá já bọ́ láti orí igi àgbà náà, á gbé e kí ilẹ̀ tó pa á, á fi okùn so ó mọ́ igi mìíràn. Èyí tó so mọ́ igi tí ara rẹ̀ ń dán kú. Èyí tó so mọ́ igi eléèpo ṣákiṣàki yè, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni, ẹ̀yin ọmọ, díẹ̀díẹ̀ bí ìrìn ìgbín. Ní ọdún keje, ó rí ọ̀kan tó yọ lórí ọ̀pẹ kan tí kò fọwọ́ kàn rí. Afẹ́fẹ́ ló gbé irúgbìn rẹ̀ láti orí igi àgbà yẹn lọ síbẹ̀. Ọdún yẹn ni Ìbídùn tún bímọ. Ara ọmọ náà gbóná, wọ́n fi ewé wẹ̀ ẹ́, ó sì dàgbà.

Ìdí rèé tí a fi ń fi igi àgbà kan sílẹ̀ nínú gbogbo oko tí a bá ṣán. Ìdí rèé tí ẹnikẹ́ni nílé wa kì í fi í ṣẹ́ igi ìdáná lẹ́yìn ìjì, àfi bí a bá ti yẹ àwọn ẹ̀ka tó wó wò, tí a sì ti so ohun tó ṣì tutù padà sókè.

Ìjì ọ̀sán àná dá ẹ̀ka mẹ́ta lọ́nà odò. Ẹ dìde, ẹ mú okùn.