Okùn Tí Mo Dì Mú Létí Adágún

Okùn ni yóò gbé mi lọ. Adájọ́ ti sọ ọ́ ní gbangba, akọ̀wé kóòtù ti kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́dà tó ń gbé ẹ̀wà wá fún mi láràárọ̀ náà mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí yóò jẹ́ nìkan ni ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Nígbàkigbà tí kọ́kọ́rọ́ bá dún lẹ́nu ọ̀nà, n ó rò pé èmi ni wọ́n wá mú. Tí wọ́n bá kọjá lọ sí yàrá ẹlòmíràn, n ó tún jókòó, n ó máa retí kọ́kọ́rọ́ mìíràn. Báyìí ni mo ṣe ń gbé. Lọ́yà tó gba ẹjọ́ mi rò kò yọjú mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ó ka ìwé yìí, ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí n tó sá lọ sórí omi. Ẹnu mi nìkan ló kàwé jù mí lọ. Ẹnu yẹn náà ló gbé mi dé ibí.

Ìbéṣè létí ọ̀sà ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi pẹja, bàbá bàbá mi pẹja, èmi náà pẹja. Ṣùgbọ́n ẹja kọ́ ni mo fi gbajúmọ̀, irọ́ ni. Èmi ni mo sọ fún wọn ní ibùdókọ̀ Benson ní Ìkòròdú pé mo mú ẹja kan tó tóbi débi pé nígbà tí mo fà á jáde, omi ọ̀sà fà lọ sílẹ̀, ọkọ̀ tó ń ti Ìkòròdú gbé èrò lọ sí Èkó sì jókòó sórí iyanrìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, ọlọ́kadà kan sì gbé mi délé lọ́fẹ̀ẹ́. Ọjọ́ yẹn ni mo rí i pé irọ́ dùn ju ẹja lọ, kò sì ní egungun. Mo ṣìnà. Egungun rẹ̀ ló há mi lọ́fun báyìí.

Làmídì àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ni kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. A máa ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, a ti gbọ́ ti ẹja tó gbẹ ọ̀sà. Èyí tí ẹ pa lónìí dà? Omi lásán ni ìyàwó yín gbé kaná o."

Nígbà tí àwọn tó ń wa iyanrìn da ọ̀sà rú tí ẹja ò sí mọ́, mo ríṣẹ́ sí pápá gọ́ọ̀fù kan lọ́nà Ẹ̀pẹ́. Gọ́ọ̀fù ni eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré funfun kan sínú ihò tó jìnnà réré. Adágún kan wà láàárín pápá náà tó máa ń gbé bọ́ọ̀lù wọn mì. Iṣẹ́ mi ni kí n wọ inú rẹ̀ lọ kó wọn jáde. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ a máa gbé ẹsẹ̀ mì, nítorí náà mo máa ń so okùn mọ́ ìdí, Múráínà a sì di orí okùn náà mú lórí ilẹ̀.

Múráínà ló ń gé koríko pápá. Ará Ìwó ni, ó háyà yàrá kan sí Ìtamágà, òun àti Kúdí ọmọ rẹ̀ obìnrin. Èmi ni mo kọ́ ọ ní iṣẹ́ okùn. Mo ní, "Tí mo bá fà á, má bi mí léèrè ohunkóhun. Fà mí jáde." Kò fi falẹ̀ rí. Bí mo bá ti fà á báyìí, orí koríko ni mo máa ń bá ara mi, tí n ó máa pọ ẹrẹ̀ lẹ́nu, tí yóò sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Alàgbà, ẹja lẹ wá mú àbí ẹja ló mú yín?"

Kúdí máa ń tẹ̀lé e wá ní Sátidé. Wọ́n yá a ní ògbólógbòó igi gọ́ọ̀fù kan, kò sì pẹ́ tí ọmọ náà fi ń gbá bọ́ọ̀lù ju àwọn ọmọ olówó inú ẹ́síteètì ẹ̀gbẹ́ pápá náà, tí bàbá wọn ra igi tuntun fún. Ní àárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan, bọ́ọ̀lù rẹ̀ já sínú adágún.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú un."

Mo wo omi. Òtútù ti wọ eegun mi. Mo ní, "Bọ́ọ̀lù wo? Ọ̀nì ti gbé e mì."

"Ọ̀nì kẹ̀!"

"Ọ̀nì. Ojú rẹ̀ kan ti fọ́. Ó rò pé ẹyin adìẹ ni."

Kúdí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀lẹ àárọ̀ ọjọ́ kan, àti ẹ̀rín ọmọdé.

Ó sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn yẹn sọ fún bàbá wọn. Kò sí ẹni tó tún rán mi wọ omi mọ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, wọ́n á mú mínírà tútù àti mítípáì wá, wọ́n á ní kí n jókòó kí n sọ̀tàn ọ̀nì fún àwọn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́, ó gùn tó àga. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ó ti gùn tó bọ́ọ̀sì. Mo ní ó máa ń jáde wá gba òòrùn, ó máa ń fi igi gọ́ọ̀fù ta eyín. Orúkọ mi di Bàbá Ọlọ́ọ̀nì.

Múráínà ní, "Alàgbà, èmi tí mò ń gé koríko etí omi yìí, n ò rí ìrù ọ̀nì kankan rí."

Mo ní, "Kò fẹ́ràn ará Ìwó ni."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín.

Ìgbà náà ni ìròyìn dé pé pápá wa ni yóò gba àlejò ìdíje gọ́ọ̀fù àgbáyé ti àwọn ọ̀dọ́, àwọn tí kì í fi eré náà gbowó. Àwọn ọmọ láti ìlú òyìnbó, láti Japan, láti ibi tí n kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, gbogbo wọn ni yóò wá sí Ẹ̀pẹ́. Wọ́n kun ilé, wọ́n ri òpó àsíá mọ́lẹ̀ lọ́nà àbáwọlé. Wọ́n sì mú Kúdí mọ́ àwọn tí yóò gbá a fún wa. Láti ọjọ́ náà ni Múráínà ti ń gé koríko bí ẹni ń gẹ irun ọkọ ìyàwó. Yóò dúró, yóò ní, "Alàgbà, ọmọ mi! Ọmọ tí mo fi ọkọ̀ akérò gbé kúrò ní Ìwó!"

Àwọn olùṣètò rán obìnrin òyìnbó kan wá yẹ pápá wò. Ẹnìkan sọ ti ọ̀nì fún un. Ọ̀gá wa, obìnrin tí a ń pè ní Àǹtí Máníjà, mú un wá bá mi létí omi.

"Bàbá, ó ń béèrè pé ṣé lóòótọ́ ni ọ̀nì wà níbí. Ẹ sọ òótọ́ fún wa o."

Ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín, kí n ní irọ́ ni mo pa fún ọmọdé. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n òyìnbó náà ti yọ fóònù, ó ń ya àwòrán mi, gbogbo òṣìṣẹ́ sì ti pé lé wa lórí. Orí mi wú.

Mo ní, "Ó wà níbẹ̀, Màdáámù. Ó tilẹ̀ ti bímọ."

Kò pẹ́ tí èsì fi dé. Wọ́n ní àwọn kò ní í kó ọmọ ọlọ́mọ wá sí ilé ọ̀nì. Kí a fi hàn pé kò sí nǹkan kan nínú omi, tàbí kí àwọn gbé ìdíje lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn. Àǹtí Máníjà pe gbogbo wa jọ. Ojú rẹ̀ ti wú. Kí ó tó sọ̀rọ̀ tán, Múráínà ti dìde.

"Àǹtí, kò sí ọ̀nì. Ẹ pe òyìnbó náà padà. Lójú ẹ̀ ni màá wọ inú omi yẹn, màá rìn ín já láti etí dé etí. Tó bá sì jẹ mí, á mọ̀ pé ẹran ará Ìwó le."

"Ta ló máa di okùn yín mú?"

"Alàgbà ni. Ta ni mo tún mọ̀?"

Ẹ gbọ́ ohun tí mo rò. Bí Múráínà bá jáde láìfarapa, irọ́ mi tú lójú òyìnbó. Àwọn ọmọ yóò máa hó lé mi, wọ́n á sì lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Mo ní okùn ìwọ̀ kan nílé, ti ẹja ńlá, tí ìwọ̀ pọ̀ lára rẹ̀, tí mo kó kúrò ní Ìbéṣè. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú èyí tí òyìnbó yóò padà wá, nígbà tí àwọn yòókù ń kírun Àsàrì, mo so ara mi mọ́ igi kan létí omi, mo wọ adágún lọ, mo ta okùn ìwọ̀ náà láti gbòǹgbò dé gbòǹgbò níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò gbà. Mo ní kò ju kí ìwọ̀ họ ọ́ lẹ́sẹ̀ lọ, kí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ yọ, kí wọ́n ní ọ̀nì ló gé e jẹ. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún ara mi nìyẹn. Mo ti purọ́ fún gbogbo ayé, ara mi nìkan ló kù.

Lọ́jọ́ náà, Kúdí wà nílé ìwé. Mo dúpẹ́ fún èyí títí dòní. Múráínà ní Bísímílàhì, ó wọ omi. Omi dé orókún rẹ̀, ó dé ìdí rẹ̀, ó dé àyà rẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn, ó juwọ́ sí òyìnbó. Lẹ́yìn náà ni ìwọ̀ mú un lẹ́sẹ̀. Mo rí i tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti tú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìwọ̀ mìíràn mú un lápá. Orí rẹ̀ wọlẹ̀ sínú omi.

Okùn fà mí lọ́wọ́. Ó tún fà mí.

Mo mọ ohun tó túmọ̀ sí. Èmi ni mo kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá fà á jáde, ìwọ̀ ni yóò bá a jáde, lójú gbogbo ènìyàn. Mo dúró. Ẹ̀yin ọmọ, mo dúró ni.

Àǹtí Máníjà ń pariwo, "Bàbá, ẹ fà á! Ẹ fà á!"

Mo ké, "Ọ̀nì! Ọ̀nì ti gbé e!" mo sì ju okùn náà sínú omi. Gbogbo wọn sá.

Kò sẹ́ni tó jẹ́ wọ ibẹ̀. Àwọn apẹja Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n ránṣẹ́ pè sọ pé àwọn kì í bá ọ̀nì du oúnjẹ. Ìròyìn dé Ìbéṣè pé ọ̀nì ti gbé bàbá kan ní pápá gọ́ọ̀fù. Làmídì rò pé èmi ni. Ó gun ọ̀kadà gba Ìtamágà wá, eruku bò ó dé ìpéǹpéjú. Nígbà tó rí mi lóòró, ó dì mọ́ mi, ó ń sunkún bí ọmọdé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo rò pé ẹ̀yin ni." Lẹ́yìn náà ló wo omi. "Ta ló wá wà níbẹ̀?"

"Múráínà ni. Làmídì, má wọ ibẹ̀."

"Ẹ fi mí sílẹ̀. Ọmọ ènìyàn ló wà nísàlẹ̀ yẹn."

Ó bọ́ ṣòkòtò, ó wọ omi. Ó rì, ó yọ, ó tún rì.

Nínú agbo ilé wa, àwa apẹja kì í fọwọ́ kan ohun ọdẹ ẹlòmíràn nínú omi láìkọ́kọ́ ké orúkọ olówó rẹ̀, ẹni tó ni ín. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, olè ni. Láti kékeré ni bàbá wa ti fi pàṣán kọ́ wa. A sì ní bí a ṣe ń so okùn, kókó kan tó ká padà sára rẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún àwa méjèèjì nìkan. Ọwọ́ mi ti so ó sí okùn ìwọ̀ náà láìbéèrè lọ́wọ́ mi, bó ti ń so ó láti ìgbà èwe.

Làmídì yọ lójú omi. Ó na ọwọ́ sókè, ó ké orúkọ mi, orúkọ tí n kò ní í kọ síbí, bí bàbá wa ti kọ́ ọ: "Olówó ohun ọdẹ, mo fẹ́ fọwọ́ kàn án o!"

Ẹnu rẹ̀ ló yá ju ọkàn rẹ̀ lọ. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ó yíjú sí mi díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "kí ni ìwọ̀ yín ń ṣe níbí?"



Ní kóòtù, Làmídì kò gbójú sókè wò mí. Mo gbà pé èmi ni mo ta ìwọ̀, ṣùgbọ́n mo búra pé Múráínà kò fa okùn, pé n kò mọ̀ pé ó ń kú. Adájọ́ kò gbà mí gbọ́. Ìdíje lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn. Wọ́n ní àwọn òpó àsíá náà ṣì wà lóòró, pé àwọn ará ibẹ̀ ń sá aṣọ sí wọn.

Ẹnìkan ṣoṣo ló wá wò mí láti ìgbà tí wọ́n ti dá ẹjọ́. Kúdí ni. Ó ti ga. Kò kí mi. Ó jókòó sí òdìkejì irin, ó ní:

"Ṣé bàbá mi fa okùn yẹn?"

Mo lè purọ́ fún un. Irọ́ náà ì bá dùn ún gbọ́: pé bàbá rẹ̀ kú kíá, pé kò mọ nǹkan kan. Mo wo ojú rẹ̀, ojú tó rẹ́rìn-ín ọ̀nì.

Mo ní, "Ó fà á. Ó fà á léraléra."

Ó mi orí bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó dìde, ó lọ. Òtítọ́ tí mo sọ náà kò ṣe é láǹfààní kankan, kò sì ṣe èmi náà. Ó ti pẹ́ jù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má tọ ọ̀nà mi. N kò ní kí ẹ má pàlọ́, n kò ní kí ẹ má rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi yín pé, "Ṣé òótọ́ ni?" ẹ dáhùn níbẹ̀, kí ìtìjú tó dàgbà. Ìtìjú ọjọ́ kan ni mo sá fún tí mo fi pa ọ̀rẹ́ mi. Bí oorun bá ti ń kùn mí, okùn yẹn ni mo máa ń dì mú. N ó fà á, n ó fà á, kò sí ohun tó wà lórí rẹ̀ mọ́.

Kọ́kọ́rọ́ ti ń dún níwájú. Ẹ jẹ́ kí n dánu dúró. Bí ẹnikẹ́ni bá fa okùn tó wà lọ́wọ́ yín, ohun yòówù tí yóò bá a jáde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fà á.