Ẹ̀rọ Tó Mọ Fàdákà Yàtọ̀ sí Ìdàrọ́

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń pariwo. Ní Sunday tó kọjá, wọ́n fún mi ní oúnjẹ Olúwa nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Mo jẹ, mo mu, mo padà sórí ìjókòó mi, gbogbo ènìyàn sì ń wò mí bí ẹni tí Ọlọ́run dá láre. Wọn ò mọ̀ pé ẹ̀rín ló ń pa mí nínú. Kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀ rárá. Ẹ̀rín ẹni tó ti gbé ọ̀tá rẹ̀ ṣánlẹ̀ ni, tí kò sì rí ẹnì kan tó lè sọ ọ́ fún. Àìrẹ́ni sọ ọ́ fún yìí ló sọ mí di ẹni tó ń kọ̀wé sí yín. Obìnrin kan ń kú lọ ní abà kan lẹ́bàá Ìfẹ̀wàrà, èmi nìkan ni mo sì mọ ohun tó ń pa á.

Ilé alágbẹ̀dẹ ni mo ti ṣe ìyàwó ní Iléṣà. Bàbá ọkọ mi, bàbá tirẹ̀, àti bàbá tó bí ìyẹn, irin ni gbogbo wọn rọ. Bẹ́ ẹ bá fi igi tọ́ ilẹ̀ àgbàlá wa níbikíbi, ìdàrọ́ lẹ ó kàn, ìyẹn pàǹtí irin dúdú tó máa ń ṣẹ́ kù nídìí iná alágbẹ̀dẹ. Ọkọ mi ti di onígbàgbọ́ ní tirẹ̀, èmi náà kàwé mẹ́rin kí n tó lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Mi ò kì í ṣe aláriwo obìnrin. Àwọn tó mọ̀ mí ní ṣọ́ọ̀ṣì máa ń sọ pé bí mo bá wọlé, aṣọ mi nìkan ni wọ́n ń gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé àwa ìyàwó kì í pe àwọn ọmọ ilé lórúkọ, nítorí náà Eyínfúnjowó ni mo sọ ọ́, nítorí eyín rẹ̀ funfun lóòótọ́. Ó kó kúrò nílé ọkọ rẹ̀ ní Ìwàràjà, ó padà wá dá ilé mosú, yàrá tó kọjú sí ti ìyá ọkọ mi ni wọ́n sì fún un. "Ìyàwó" ni òun ń pè mí. Bó bá ti fà á báyìí, "Ìyàwóóó," kí n ti mọ̀ pé iṣẹ́ tàbí èébú ló kàn.

Ìyá ọkọ mi ní fàdákà. Ẹ̀gbà ọwọ́ wà níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọrùn wà níbẹ̀, àti ṣílè ayé àtijọ́ tó jẹ́ ojúlówó fàdákà, kì í ṣe irú èyí tí à ń ná nísinsìnyí tó máa ń pọ́n bí idẹ. Nígbà tí àìsàn dá a gúnlẹ̀, èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mo ń fún un lẹ́kọ mu. Àwọn ọmọ rẹ̀ bi í pé, "Màmá, fàdákà yín ńkọ́?" Ó ní, "Ó wà nílẹ̀." Wọ́n tún bi í lọ́jọ́ kẹta, ó tún ní, "Ó wà nílẹ̀ o jàre." Ta ni yóò gbọ́ irú ìdáhùn yìí tí kò ní rò pé ohun tó ń sọ ni pé nǹkan òun kò sọnù? Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa gbà á. Ó kú. A sin ín tán, wọ́n ṣí àpótí rẹ̀, aṣọ nìkan ló wà níbẹ̀.

Eyínfúnjowó kò tilẹ̀ jẹ́ kí ìdérí àpótí padé. Ó ní, "Ẹni tó ń tú ìyá láṣọ ló mọ ohun tó wà lábẹ́ ìyá." Lójú gbogbo ẹbí! Mo sọkún, mo búra pẹ̀lú Bíbélì, wọ́n ní ìwé ni wọ́n fi ṣe ìyẹn, kì í mú ènìyàn. Olórí ẹbí ní kí n wá sí àgbẹ̀dẹ. Wọ́n mú àdá kan, wọ́n ní kí n gé e jẹ, kí n sọ pé bó bá jẹ́ èmi ni mo mú fàdákà, kí Ògún mu ẹ̀jẹ̀ mi. Mo wo ojú ọkọ mi. Ilẹ̀ lòun ń wò. Mo ṣe bí wọ́n ṣe wí. Bí mo ti ń jáde, pẹ̀lú ẹnu mi tó ń ta mí bí ẹni tó jẹ bàbà, Eyínfúnjowó ké sí mi látẹ̀yìn pé, "Ìyàwóóó, lọ fọ ẹnu rẹ o, kí ìpẹtà má ba ọbẹ̀ jẹ́." Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ẹ̀rín olúkúlùkù wọn, mo sì mọ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan yàtọ̀.

Bí ẹ rò pé ó parí síbẹ̀, ẹ ò tíì mọ ayé. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ọ̀rọ̀ ti dé ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní ẹnu tó kan irin Ògún kò lè gba ara Olúwa. Wọ́n ní kí n lọ jókòó lẹ́yìn. Ẹ gbà mí o! Nílé mo di olè, ní ṣọ́ọ̀ṣì mo di abọ̀rìṣà, ẹnu kan ṣoṣo sì ni mo ní. Láti ọjọ́ náà, ohun kan péré ni mo ń fẹ́ láyé: kí irin yẹn wọ ẹnu Eyínfúnjowó bó ṣe wọ tèmi, kí àwọn tó rẹ́rìn-ín wà níbẹ̀.

Ọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tó ja ogun ní Bọ́mà, Bọ́mà náà ni gbogbo ènìyàn sì ń pè é. Ó ní ẹ̀rọ kan tí àwọn sójà fi ń wá bọ́ǹbù lábẹ́ ilẹ̀: ọ̀pá gígùn, ohun pẹrẹsẹ bí àwo nídìí rẹ̀, àpótí bátìrì tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká, àti ohun dúdú méjì tí wọ́n fi ń bo etí. Ó ń bá àwọn àgbẹ̀ wá àdá tó sọnù sóko. Lọ́jọ́ kan ó wá rán kakí lọ́dọ̀ mi, ó ń fọ́nnu: "Ìyá, ohun tó bá ti wà nílẹ̀, ẹ̀rọ tèmi á rí i." Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó wà nílẹ̀! Ìyá ọkọ mi kò pa òwe, kò sì ṣe àdììtú. Inú ilẹ̀ ló sọ!

Mo bẹ ọkọ mi títí ó fi gbà kí Bọ́mà wá. Ẹ̀yin ènìyàn, ẹ̀rọ yìí kò dákẹ́ níṣẹ̀ẹ́jú kan. Ìdí ògiri, ó ké. Ìdí ààrò, ó ké. Ibi tó bá ti ké ni a gbẹ́, ibi tí a bá gbẹ́, ìdàrọ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, àgbàlá rí bí ibi tí ẹlẹ́dẹ̀ sùn. Eyínfúnjowó jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà.

"Ìyàwóóó, o ti di àgbẹ̀ ìdàrọ́! Oṣù wo la máa kórè?"

Bọ́mà ló fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú ń tì í. Ó ní ẹ̀rọ òun ti gbó, irin àti fàdákà kò yàtọ̀ létí rẹ̀, ṣùgbọ́n irú tuntun kan ti dé tó máa ń fi ohùn méjì sọ̀rọ̀. Ó ní ọkùnrin kan wà lẹ́yìn Ọjà Ọba ní Òṣogbo tó ń ra ẹrù lọ́wọ́ àwọn òyìnbó awakùsà tó bá ń padà sílé, kí n lọ wò ó níbẹ̀.

Kí n tó wọ lọ́rì, mo bu ìdàrọ́ ọwọ́ kan láti àgbàlá wa, mo dì í sínú gèlè. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà, ó gbé ẹ̀rọ mẹ́ta kalẹ̀. Mo tú ìdàrọ́ mi sílẹ̀, mo bọ́ òrùka fàdákà tí ọkọ mi fi gbé mi níyàwó, mo fi í sí ọ̀tọ̀.

"Màmá, kí lèyí? Ẹ ru ilẹ̀ Iléṣà wá ni?"

"Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ yín gbóòórùn wọn, Baba."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìgbáròkó mú. "Ìjẹ̀ṣà òṣómàáló! Ẹ̀yin ò lè ra ọjà láìdá a lóró."

Èkínní dà bíi ti Bọ́mà, àfi pé ohùn rẹ̀ ròkè jù. Ó ké fún ìdàrọ́, ó ké fún òrùka, igbe kan náà. Èkejì fẹ̀ tó atẹ, èmi nìkan kò lè gbé e. Ọkùnrin náà ní òun ló ń wọlẹ̀ jù, ó ní bí owó bá wà lábẹ́ òkè yóò pè é jáde. Síbẹ̀, kò mọ ìdàrọ́ yàtọ̀. Ẹ̀kẹta ló kéré jù, ó ní kókó kan tí à ń yí sọ́tùn-ún sósì. Ó yí i, ó fi ohun ìgbọ́rọ̀ rẹ̀ bò mí létí. Nígbà tí ó kọjá lórí ìdàrọ́, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, hùùn, bí ọ̀pọ̀lọ́. Nígbà tó kan òrùka, ohùn náà gbéra, fíín, bí ìkòkò tíì tó fẹ́ hó. Mo ní kí ó ri òrùka mọ́ abẹ́ ìdàrọ́ nínú iyẹ̀pẹ̀ nígbà tí mo bá kẹ̀yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló rì í, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo rí i.

"Ńlá yìí ni kẹ́ ẹ mú, Màmá. Òun ló gbóhùn jù."

"Baba, kì í ṣe ariwo ni mo wá rà. Ìyàtọ̀ ni mo wá rà."

Ìyàwó rẹ̀ ń wá ẹ̀rọ ìránṣọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo ní kí alábàárù gbé tèmi dé ọ̀dọ̀ wọn, mo fi ṣe pàṣípààrọ̀. Ohun tí mo fi ń bọ́ ọmọ ni mo fi gba ohun tí mo fẹ́ fi gbẹ̀san. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì ṣe é.

Ní àárọ̀ Sunday kan, ọkọ mi àti àwọn ọmọ lọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn yòókù wà lóko. Eyínfúnjowó lọ kí àwọn ọmọ rẹ̀ ní Ìwàràjà. Èmi tí wọ́n ní kí n jókòó lẹ́yìn, mo jókòó sílé. Mo gbé ẹ̀rọ wọ yàrá ìyá ọkọ mi, mo ń kọ orin mímọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Hùùn, hùùn, hùùn. Nígbà tí mo dé ìdí àmù omi, fíín! Mo yí àmù kúrò, mo gbẹ́. Ìkòkò kékeré ni, aṣọ funfun dì í lẹ́nu. Gbogbo rẹ̀ pé.

Ẹ dúró níbí yìí pẹ̀lú mi, nítorí níbí ni mo ti di ohun tí mo dà. Ǹ bá ké, kí gbogbo ayé wá wò ó, orúkọ mi ì bá mọ́. Ṣùgbọ́n mo ro ohun tí yóò tẹ̀lé e. Eyínfúnjowó yóò pàtẹ́wọ́, yóò ní, "Háà, ṣé Màmá ló rì í! Ìyàwó, má bínú," yóò fi eyín funfun yẹn rẹ́rìn-ín, yóò sì tán. Ṣé "má bínú" máa ń yọ irin kúrò lẹ́nu ènìyàn ni? Mo dí ihò náà, mo yí àmù padà sórí rẹ̀, mo gbé ìkòkò dìde, mo sọdá ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo wọ yàrá rẹ̀. Mo rì í sídìí àpótí aṣọ rẹ̀, mo fi ẹrẹ̀ pa ojú ilẹ̀, mo tẹ́ ẹní rẹ̀ padà bó ṣe wà. Mo fi ọjọ́ mẹ́wàá sílẹ̀ kí ẹrẹ̀ gbẹ dáadáa.

Mo wá ní kí ọkọ mi pe ẹbí jọ, kí ẹ̀rọ tuntun wá fàdákà lójú gbogbo wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n pé, mi ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Bọ́mà ló gbé e, mo sì ní kó bẹ̀rẹ̀ láti yàrá tèmi. Nígbà tó dé ti Eyínfúnjowó, olórí ẹbí ló fi ohun ìgbọ́rọ̀ sétí, òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́ fíín. Wọ́n gbẹ́ ẹ jáde. Eyínfúnjowó ń wo ìkòkò náà bí ẹni tó ń wo òkú. "Ulé mi? Ta ló gbé e sí ulé mi?" Olórí ẹbí ní, "Fàdákà ò lẹ́sẹ̀." Wọn ò tíì ní kó búra tó fi já àdá gbà lọ́wọ́ olórí ẹbí, tó gé e jẹ débi pé ètè rẹ̀ ya, tó ní bí òun bá mọ ohunkóhun nípa rẹ̀, kí Ògún má jẹ̀ẹ́ kí òun rí àjọ̀dún. Olè kì í sáré sí irin bẹ́ẹ̀. Èmi nìkan ni mo mọ̀. Mo dúró títí ó fi kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì sọ ọ́ wẹ́lẹ́ pé, "Eyínfúnjowó, omi wà nínú àmù o. Ẹ lọ fọ ẹnu yín." Ṣé kí n purọ́ fún yín? Kò sí oyin tó dùn tó o láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi.

Kò ju oṣù kan lọ. Ìtìjú kò jẹ́ kó lè gbé ilé mọ́, ó lọ sí abà wọn lẹ́bàá Ìfẹ̀wàrà, ó ń ro ìdí kòkó. Àdá yọ̀, ó bà á lẹ́sẹ̀. Ohun tí ewé díẹ̀ lè wò ni, ṣùgbọ́n àdá ni! Gbogbo Iléṣà ní, "Ògún ti mú un." Òun náà gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí ọsibítù, ó kọ̀, ó ní kò sí òyìnbó tó lè bá Ògún du ẹran lẹ́nu. Ẹsẹ̀ náà ti wú dé orúnkún. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n pè mí padà síwájú, wọ́n ní Olúwa ti jà fún ẹni tirẹ̀.

Lánàá ni ìyàwó àbúrò ọkọ mi ti abà dé. Ó ní Eyínfúnjowó rán òun. Ó ní, "Ẹ sọ fún Ìyàwó pé mi ò mọ bí mo ṣe ṣe é, ṣùgbọ́n bóyá ọ̀fọ̀ Màmá ló dà mí lórí rú tí mo gbé e, tí mi ò sì mọ̀. Kó má wo ti ẹnu mi. Òun ni Ògún wò tí kò rí ẹ̀bi lọ́wọ́ rẹ̀, kó wá gbé ọwọ́ lé ẹsẹ̀ mi, kó gbàdúrà."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo di ẹrù mi, mo tún tú u. Bí mo bá lọ sọ òtítọ́, yóò mọ̀ pé Ògún kò bá òun jà, yóò jẹ́ kí wọ́n gbé òun lọ fún ìtọ́jú, ẹsẹ̀ lè san. Ṣùgbọ́n ọkọ mi, àwọn ọmọ mi, ṣọ́ọ̀ṣì, ibo ni màá kọjú sí? Bí mo bá dákẹ́, yóò kú, wọn yóò sì ní kí n wá gbàdúrà lójú oórì. Èyí tó sì burú jù ni pé bí mo bá rántí "ìpẹtà" tó sọ lọ́jọ́ náà, ọkàn mi ṣì máa ń sọ pé kó dúró síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbẹ̀san rí, tẹ́ ẹ sì mọ ibi tí wọ́n ń gbà kúrò nínú rẹ̀, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kíákíá, nítorí obìnrin tó jíṣẹ́ ṣì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ọ̀la ló ń padà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún mi pé kí n ṣáà máa gbàdúrà. Orin Olúwa ló wà lẹ́nu mi nígbà tí mo ń gbẹ́ ilẹ̀.