Àlá Gèlè Tí Mo Túmọ̀ Sódì

Ẹ̀yin òbí mi, ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú sí mi, ẹ gbọ́ ọ dópin ná. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí kò jẹ́ kí n lè sinmi mọ́. N kò lè sọ ọ́ fún ọkọ mi, n kò sì lè sọ ọ́ fún pásítọ̀ wa. Wọ́n sin ìyá àgbàlagbà kan ní Oǹdó láìpẹ́ yìí. Èmi ni mo ba ọjọ́ ogbó rẹ̀ jẹ́.

Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, lọ́nà Ọdà. Nínú ìjọ wa, èmi ni àwọn obìnrin máa ń rọ́ àlá fún. Ìyá tó bí mi ló kọ́ mi. Nígbà mìíràn, ìtumọ̀ a máa hàn sí mi. Nígbà mìíràn, n kò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo ṣáà máa ń sọ nǹkan.

Ṣadé ló sún mọ́ mi jù nínú wọn. Mo jù ú lọ, ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí. Ọmọ Oǹdó ni Olú ọkọ rẹ̀, òun nìkan sì ni ìyá rẹ̀ bí. Màmá Oǹdó ni gbogbo wa ń pe ìyá náà. Ó máa ń wá kí wọn, inú Ṣadé sì máa ń dùn sí i.

Lọ́jọ́ kan, Màmá bá mi nílé ìdáná Ṣadé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ mi, gbogbo ìgbà tí mo bá wá ni mò ń bá ẹ níbí. Ilé ọkọ tìrẹ ńkọ́?"

Bí mo bá rò ó báyìí, kò fi ibi sọ ọ́. Àmọ́ n kò bímọ nígbà náà, n kò sì tíì bí títí di òní. Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Mo dì í sínú.

Kò pẹ́ tí Ṣadé fi lóyún. Ó wá bá mi, ó ní òun lá àlá. Màmá pàdé òun lójú ọ̀nà, ó tú gèlè orí rẹ̀, ó sì fi di òun níkùn.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ìyá mi ti kọ́ mi pé ẹni tó bá tú aṣọ ara rẹ̀ láti fi dì ọ́, ẹrù rẹ ló fẹ́ bá ọ gbé. Àlá ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ nìyí: "Ó ti so oyún náà mọ́ ẹ níkùn. Má jẹ́ kó fọwọ́ kàn ẹ́. Bí o bá sì bímọ, má jẹ́ kó wẹ ọmọ náà."

Ojú Ṣadé yí padà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìyá yìí fẹ́ràn mi o." Mo ní kó máa gbàdúrà.

Nígbà tí ìrọbí dé, ọmọ kò jáde. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé e. Láti ọjọ́ náà, ohun tí mo bá ti sọ di òfin nínú ilé wọn. Olú pàápàá, tó ti ń jiyàn nítorí ìyá rẹ̀, kò jiyàn mọ́.

Màmá wá láti wẹ ọmọ. Ó gbé àdí, kànìnkànìn àti ẹja gbígbẹ wá. Ṣadé kò fẹ́ rí i. Èmi ló rán sí ẹnu géètì.

Mo ní, "Màmá, dókítà ní kí ẹnikẹ́ni má tíì rí ọmọ."

Ó wò mí. "Ṣé èmi náà wà lára ẹnikẹ́ni?"

Ó dúró díẹ̀ nínú oòrùn, ó gbé ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó ní kí n bá òun kí ìyá ọmọ. Ó sì lọ wọ mọ́tò padà sí Oǹdó. Mo da àdí náà sí gọ́tà.

Ọmọ yẹn ti ń lọ sílé ìwé báyìí. Kò mojú ìyá bàbá rẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ Àkúrẹ́ sí Oǹdó kò jìnnà. Olú nìkan ló máa ń lọ, bí ọdún bá dé.

Nígbà tí Màmá kú, mo bá wọn lọ síbi ìsìnkú. Obìnrin kan tó tọ́jú Màmá nígbà àìsàn fà mí sẹ́yìn ilé. Kò mọ̀ mí. Ó kàn fẹ́ sọ ọ́ fún ẹnì kan tó ti Àkúrẹ́ wá ni. Ó ní wọ́n sọ ọ̀rọ̀ àlá náà fún Màmá. Màmá kọ́kọ́ sunkún. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á gbọ́. Ó ní, "Bóyá mò ń ṣe é lójú oorun ni, tí n kò mọ̀." Ó ń bẹ àwọn aládùúrà kiri kí wọ́n yọ nǹkan náà kúrò lára òun. Ó ń gbààwẹ̀ pẹ̀lú àìlera. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kú, tó gbà pé àjẹ́ ni òun.

N kò lè fi nǹkan kan kan ẹnu níbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ṣadé wá sílé mi. Ó ní òun fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ewu ti kọjá. Ẹ̀yin ni kí ẹ wá sọ̀rọ̀ àlá náà níwájú ìjọ." Mo ní mo ti gbọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ṣé Olú ni kí n kọ́kọ́ lọ bá, ẹni tó sin ìyá rẹ̀ láìsunkún? Àbí Ṣadé? Bí mo bá sọ ọ́, ilé wọn lè tú. Bí mo bá dákẹ́, ọmọ náà yóò dàgbà, yóò máa pe ìyá bàbá rẹ̀ ní àjẹ́. Màmá tó yẹ kí n kúnlẹ̀ fún ti wà nínú ilẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Kí ni kí n ṣe?