Àtẹ̀gùn Tí Múdásírù Yàn

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó fi inú ìyá ṣe ilé àkọ́kọ́ fún gbogbo wa, tí kò gba owó ilé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kó máa bá Ànábì wa.

Ẹ̀yin jàmáà, ẹ̀tọ́ òbí ni wáàsí tòní. Allah ní ká má ṣe sọ "ṣíọ̀" sí wọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà kí ẹ lè tètè sá lọ, ẹ ń wò mí bíi pé ẹ ò sọ ọ́ rí. Ṣé ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń sọ ọ́ ni? Ẹnì kan wà tó jẹ́ pé ilé tó gbà ló fi sọ ọ́.

Múdásírù lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ṣakí. Ó kàwé, ó gboyè, ó ríṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe oògùn òyìnbó lẹ́bàá Ọ̀tà. Yàrá kan ló ń gbé ní Agége, ibẹ̀ ló ti ń lọ, tó ti ń bọ̀. Ìyá rẹ̀, Sàláwátù, opó ni, kò sì bí ju Múdásírù nìkan lọ. Bí ọmọ ò bá ti yọjú fúngbà díẹ̀, màmá á di ẹrù, ó di mọ́tò. Bó bá dé, á jókòó síta, á kí gbogbo àdúgbò tán. "Ẹ dákun, ṣé ọmọ mi ń jẹun? Ẹ ò rí ìyàwó fún un níbí?" Bí ládàánì bá sì ti pe ìrun Àsùbáà, ó ti ń fa aṣọ lára ẹ̀, ó ń fi oríkì pè é: "Àlàó! Dìde! Ìrun dára ju oorun lọ!" Ojú ń ti Múdásírù, ọ̀rọ̀ màmá sì ń sú u.

Nígbà tó fẹ́ kó sún mọ́ ibiṣẹ́, ajẹ́ntì mú un lọ sílé alájà mẹ́ta kan lẹ́yìn Ọ̀tà. Ilé òfìfo méjì ló kù níbẹ̀, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè pátápátá. Ajẹ́ntì ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ mú tìsàlẹ̀. Omi kì í gòkè dáadáa, ẹ ó kàn máa pọn ọ́n ni."

Múdásírù wo àtẹ̀gùn yẹn. Ó ga, ó há, kò ní ibi ìdìmú. Ó rántí pé làkúrègbé ti mú ìyá òun lórúnkún méjèèjì. Ó ní, "Tòkè ni mo fẹ́." Subuhánálláhì! Ajẹ́ntì rò pé afẹ́fẹ́ ló ń wá. Ajẹ́ntì ò mọ̀, Ọlọ́hun mọ̀.

Ó pe màmá láago: "Màámi, ilé tuntun yìí ga o. Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, èmi ni n ó máa wá." Ṣó wá wá? Ẹ bá mi bi í! Iṣẹ́ pọ̀, ọ̀nà jìn, òjò rọ̀. Iléyá dé, àgbò ló fi ránṣẹ́ dípò ara rẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún náà, ó ti ibiṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, ó ń gòkè. Ta ló rí ní àjà kejì? Ìyá ẹ̀ ni! Ó ń fi ìdí wọ́ lórí àtẹ̀gùn, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń gbé ẹrù. Ìyá Fàrúkù, obìnrin tó gba ilé ìsàlẹ̀, dúró tì í pẹ̀lú ife omi.

"Bọ̀ọ̀dá, látìgbà tí wọ́n ti kírun Àílà ọ̀sán tán ni màmá ti wà lórí àtẹ̀gùn yìí. Mo ní kí wọ́n jókòó sọ́dọ̀ mi dè yín, wọ́n ní àfi káwọn dé ilé ọmọ àwọn."

Inú bí Múdásírù. "Màámi! Ṣebí mo sọ fún yín pé ilé yìí ga!"

"Ohun tó gbé mi wá nìyẹn, Àlàó. Ẹni tó gbé àgbò wá ló júwe ilé fún mi. Látìgbà tó o ti sọ ọ́ ni ọkàn mi ò ti balẹ̀. Mo ní ọmọ mi á ṣiṣẹ́ ṣiṣẹ́, á délé, á tún máa pọ́n òkè. Ta ní ń bá a ra ẹsẹ̀?" Ó tú kókó etí aṣọ rẹ̀, ó mú ike òrí jáde. "Òun ni mo fi ń ra orúnkún tèmi. Gbé ẹsẹ̀ ẹ wá."

Orí àtẹ̀gùn níbẹ̀, ó ká ṣòkòtò ọmọ sókè, ó ń ra á lórúnkún, ó ń ṣàdúà: "Ọlọ́hun, bá mi fún Àlàó ní ilé ìsàlẹ̀. Ìyà yìí pọ̀ jù fún un. Má jẹ̀ẹ́ kí orúnkún rẹ̀ dà bíi tèmi."

Háà, jàmáà! Àtẹ̀gùn tí ọmọ fi dínà mọ́ ìyá, òun ni ìyá ń torí ẹ̀ káàánú ọmọ! Múdásírù bú sẹ́kún. Màmá rò pé orúnkún ló ń dùn ún. Ó ní, "Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi, á jinná."

Ó gbé màmá pọ̀n gòkè. Nígbà tí màmá padà sí Ṣakí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé tó wà nílẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó rí i. Ó lọ mú ìyá rẹ̀. Ó bá a lórí ẹní. Orúnkún yẹn ò gbé e dìde mọ́. Ó pọ̀n ọ́n wọ mọ́tò, ó pọ̀n ọ́n wọlé. Títí dòní, kó tó jáde lọ síbiṣẹ́, á kọ́kọ́ pọ̀n ọ́n lọ síbi tó ti ń ṣàlùwàlá. Àwọn ará àdúgbò á máa kí i pé, "O ṣeun, ọmọ dáadáa! Ọmọ bíi tìẹ ṣọ̀wọ́n." Orúnkún ìyá rẹ̀ ni á máa wò.

Mi ò sọ pé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì jẹ́ hàráámù o! Ẹ má lọ fọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Àníyà ọkàn ni mò ń wí. Bó o bá ń wá ilé, wo omi, wo iná, wo bó ṣe jìn síbiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, bi ara rẹ pé: ta ni mi ò fẹ́ kó wọbí? Bó bá jẹ́ ẹni tó bí ọ ni, yáa dá kọ́kọ́rọ́ padà.

Ọlọ́hun, fún wa ní ilé tí àwọn òbí wa á fi ẹsẹ̀ ara wọn wọ̀, nígbà tí ẹsẹ̀ ọ̀hún ṣì ń rìn. Tọ́ wa sọ́nà kí àbámọ̀ tó tọ́ wa. Àmíìn. Ìwọ tí màmá rẹ ṣì wà láyé, bó o bá ti ń jáde níbí, pè é. Má sọ pé ilé rẹ jìn. Sọ pé kó máa bọ̀.