Ìyá Tó Ń Dúró De Múbáṣírù

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ọ̀rọ̀ òbí ni mo gbé wá lónìí. Ìwọ tó ò ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí ìyá ẹ, tí o kì í yọjú sí i, jọ̀ọ́, sún mọ́bí. Ìwọ gan-an ni mò ń bá wí.

Ọkùnrin kan wà ní Ìwó níbí, Múbáṣírù. Ó ga! Tó bá fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí, àfi kó tẹrí ba. Básíkẹ́ẹ̀tì, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ jù sínú àwọ̀n, ló gbé e dé ilẹ̀ Tọ́kì. Iṣẹ́ tó fi jẹun fún ọdún mẹ́rìnlá nìyẹn. Òun nìkan sì ni ìyá ẹ̀, Sáfúrátù, bí láyé.

Ìyá yìí ti lé lọ́gọ́ta ọdún kó tó wọ ilé kéú. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín, síbẹ̀ kò ṣíwọ́ lílọ. Ó ka Àlùkùránì parí. Sùbùhánàllọ̀! Ó wá ku wòlímọ́tù, ayẹyẹ ìparí ẹ̀kọ́. Álfà ní, "Ìyá, ẹ mú ọjọ́."

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kọ́mọ mi dé. Mo fẹ́ kó jókòó tì mí tí mo bá ń kà á."

Ó pe Múbáṣírù. Ọmọ ní, "Ìyá mi, tá a bá gbá tọdún yìí tán." Ó tán. "Ìyá mi, ó dèèmíì." Ṣé ọmọ burúkú ni? Rárá o! Ó kọ́lé fún ìyá, ó rán an lọ Mẹ́kà. Ṣùgbọ́n àárò ẹ̀ ń sọ ìyá lójoojúmọ́. Ọdún méje gbáko ni wòlímọ́tù fi dúró.

Ìgbà tí orúnkún Múbáṣírù bà jẹ́, tí kò lè gbá bọ́ọ̀lù mọ́, ló tó wálé. Ó bá ìyá tó ti ń gbàgbé nǹkan: lónìí á dá a mọ̀, lọ́la kò ní dá a mọ̀. Kíá, wọ́n mú ọjọ́. Ọjọ́ pé, Múbáṣírù jókòó ti ìyá, ó bá a gbé Àlùkùránì dání.

Álfà ní, "Ìyá, ó yá."

"Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ sí i. Múbáṣírù ń bọ̀."

"Ìyá mi, èmi rèé!"

Ìyá wo ojú ẹ̀ títí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ ṣé o, ọ̀gbẹ́ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọjú síta, bóyá ó ti dé."

Kí ni ì bá ṣe? Ó dìde, ó lọ síta, ó ń wo ọ̀nà, omijé ń bọ́ lójú ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ìyá yín ṣì ń dá mọ̀, kí lẹ ń dúró dè? Ìyá tèmi ti lọ, àárò wọn ń sọ mí bí mo ṣe dúró yìí. Ọlọ́hun, Ọba tó fi ṣíṣe dáadáa sí òbí tẹ̀lé ìjọsìn Rẹ̀, dá ẹsẹ̀ wa padà sílé kó tó pẹ́ jù.

Àmín yẹn ò dún! Ẹ lọ ṣe é níwájú ìyá yín.