Ẹran Oníyọ̀ Bàbá Kúùkù

Kí n sè é? Èmi náà? Bàbá Ògúnsúyì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ, bóyá etí mi ló dì. Rufus ní kí n tún sè é? Ẹran oníyọ̀ yẹn, èyí tó já gbà lẹ́nu bàbá wa, òun ló ní kí n wá sè fún àwọn àlejò pàtàkì rẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú bàbá kan náà? Ó rán yín níṣẹ́ yẹn, ẹ sì jẹ́ ẹ, ẹ̀yin àbúrò bàbá mi! Ẹ gun ọ̀kadà láti Ọ̀kà wá sí Ìkàrẹ́ níbí, ẹ jókòó sórí àga mi, ẹ mu omi mi tán, ẹ wá ní, "Ìyátúndé, àbúrò rẹ ní kí n bá òun bẹ̀ ọ́." Háà! Ayé mà le o!

Rárá, ẹ má dìde. N ò lé yín. Ẹ jókòó kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi náà, torí ẹnu Rufus ni gbogbo yín ti gbọ́ ọ, bí Rufus bá sì ti ń sọ̀rọ̀, ẹ̀rín ni gbogbo ilé máa ń rín.

Ẹ mọ bí bàbá wa ṣe wà láti ìgbà Àjíǹde. Inú ilé kan náà lẹ jọ wà ní Ìwárò l'Ọ́kà. Ṣé ẹnu rẹ̀ gba iyán? Ṣé ó gba ẹ̀bà? Àbí ẹ ti gbàgbé ọjọ́ tí ẹ̀yin fúnra yín ń fi ṣíbí bu ẹ̀kọ sí i lẹ́nu, tó ń ṣàn jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu bí ìgbà tí ọmọ ọwọ́ ń pọ omi? Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó ní òun ò rí àìsàn kankan, ọjọ́ orí ni, ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún kì í ṣe ẹrù kékeré. Ó ní ohunkóhun tó bá ṣáà béèrè, ká wá a fún un. Kò sì béèrè nǹkan kan! Ó kàn dojú kọ ògiri ni. Àfi lọ́jọ́ tí mo ń gé èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀, ló bá ṣàdédé ní, "Yèyé." Ẹ ṣáà mọ̀ pé kò fi orúkọ pè mí rí, ó ní ìyá òun tó padà wá ni mí. Ó ní, "Yèyé, ẹran oníyọ̀ yẹn, èyí tí mo máa ń sè fún òyìnbó nígbà tí wọ́n ń la títì, bí mo bá rí i, màá jẹ ẹ́."

Màá jẹ ẹ́! Ẹni tí kò jẹun láti oṣù kẹrin! Ṣé ẹ mọ bí ara mi ṣe rí lọ́jọ́ náà? Mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ dání, omi ń bọ́ lójú mi sórí rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ ra ti inú agolo. Bẹ́ẹ̀ ni, kọ́ọ̀nbíìfù inú agolo, èyí tí ìyàwó Rufus sọ lórí fóònù pé ṣe bí ẹran oníyọ̀ náà nìyẹn, kí ni mo ń dara mi láàmú sí. Mo ṣí i, mo gbé e síwájú bàbá. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀ báyìí, wọ́n yí ojú padà. Wọ́n ní, "Ta ló ti bá mi rún èyí lẹ́nu?" Ẹ ò rí nǹkan! Arúgbó tí kò lè dá jókòó, ó mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó ṣe kúùkù fún ọdún mẹ́sàn-án, tí gbogbo Ọ̀kà ń pè ní Bàbá Kúùkù títí dọjọ́ ikú, ẹ fẹ́ fi agolo tàn án jẹ?

Mo bá ní kí wọ́n máa sọ ọ́, kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló gbà wá, torí wọ́n á sọ méjì, oorun á gbé wọn lọ. Ẹran igẹ̀ màlúù ni, níbi tí ọ̀rá ti tẹ́ lé e. Iyọ̀, ṣúgà díẹ̀, kànáfùrù, atalẹ̀, ata dúdú oníkóró. Kí ẹ sè é pọ̀ mọ́ omi, kí omi náà tutù, kí ẹ wá ri ẹran bọ inú rẹ̀, kí ẹ fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ọjọ́ méje gbáko ní ibi tó tutù, ojoojúmọ́ lẹ ó sì máa yí i padà. Ẹ lọ bi Suleiman alápatà nínú ọjà, òun ló gé ẹran náà fún mi, mo dá a padà lẹ́ẹ̀mejì kó tó gé èyí tí bàbá júwe. Ó ní, "Ìyá Matthew, ṣé fún ọba ni?" Mo ní ó ju ọba lọ.

Safurat tó ń ta ẹja yìnyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ló bá mi gbé e sínú fíríìjì. Ẹni ẹlẹ́ni o! Kò bá mi tan, kò bá bàbá wa tan, ó kó mákẹ́rẹ̀lì tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n gbé ẹran bàbá síbẹ̀. Láràárọ̀ ni mò ń lọ yí i padà kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi.

Ìkòkò tí mo fi sè é ńkọ́? Òun nìyẹn lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ wò ó. Matthew ọmọ mi ló fi ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó lọ́dún tó kọjá. Ó ní síló-kúkà lorúkọ rẹ̀. Èmi ń pè é ní ìkòkò aláìkánjú. Iná mànàmáná ló ń lò, amọ̀ ni inú rẹ̀, gíláàsì ni ìdérí, kì í hó yaya, ó kàn ń mí jẹ́jẹ́ ni, wákàtí mẹ́jọ, wákàtí mẹ́wàá. Ó wà ńlẹ̀ láìlò, torí ta ló máa rí iná wákàtí mẹ́jọ ní Ìkàrẹ́? Ṣùgbọ́n bàbá ní bí iná bá fi le, ẹran náà á gan, iná jẹ́jẹ́ ló sì yẹ ẹ́. Mo ní kò burú.

Ọjọ́ Sátidé yẹn, aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo tanná sí i. Aago mẹ́wàá kò tíì lù, wọ́n múná lọ! Mo ké, "Jésù!" Safurat gbọ́ ohùn mi, kò bi mí ní ìbéèrè méjì, ó fa wáyà láti ara jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, ó gbé e gba orí ògiri wá sí kíṣìnì mi. Ohun tí ọmọ ìyá mi kò lè ṣe fún mi nìyẹn, Bàbá Ògúnsúyì.

Nígbà tó di aago méjì, mo kó ànàmọ́ òyìnbó àti kárọ́ọ̀tì àti kábéèjì sí i, mo dé e padà kíá, torí Matthew ní bí mo bá ń ṣí i ṣáá, ooru rẹ̀ á máa sá lọ. Òórùn tó wà nínú ilé yìí lọ́jọ́ náà! Mo wá mú bébà, mo fi bírò kọ ọ́ gàdàgbà: ẸRAN BÀBÁ NI O. Ẹ MÁ ṢÍ I. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdérí. Ìdí tí mo fi kọ ọ́ ni pé mo fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún Safurat, kó lè máa bójú tó wáyà, kí èmi lọ gbé bàbá wá láti Ọ̀kà, torí wọ́n ní àwọn fẹ́ jẹ ẹ́ lórí tábìlì, kì í ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ̀yin náà lẹ bá wa gbé wọn wọ mọ́tò Ọ̀ṣẹ́nì awakọ̀. Ṣé ẹ rántí táì? Ẹni tí kò wọ bàtà láti ọdún méjì, ó ní ká wá táì òun! Láti Ọ̀kà dé Àkùngbá, láti Àkùngbá dé Ìkàrẹ́, ni wọ́n ń sọ̀rọ̀. "Yèyé, ṣé o ré ìfófòó orí rẹ̀? Ṣé ọ̀bẹ mú? Má gé e tẹ̀lé iṣan o, dábùú iṣan ni kó o gé e, kó tẹ́ẹ́rẹ́." Ọ̀ṣẹ́nì ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí bàbá bá òun fi díẹ̀ sílẹ̀. Bàbá ní, "Kó o kọ́kọ́ fọwọ́ ná."

A dé ẹnu ọ̀nà, mo rí jíìpù Rufus.

Inú mi dùn! Mo fi Ọlọ́run búra, inú mi dùn. Mo ní àbúrò mi ti wá láti Àkúrẹ́, òun náà á wà níbẹ̀ tí bàbá á jẹun. Mo wọlé. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ló wà ní pálọ̀. Wọ́n ti bọ́ bàtà. Búrẹ́dì wà ńlẹ̀, bíà wà ńlẹ̀, ìkòkò wà láàárín wọn bí ìgbà tí ajá mẹ́rin bá yí eegun ká. Ẹran tán. Ẹ̀là kan ṣoṣo kò kù! Omi rẹ̀ àti kábéèjì díẹ̀ ló kù, torí wọ́n ní àwọn kì í jẹ ewé. Rufus gbójú sókè, ó ní, "Àǹtí, ta ló kọ́ yín ní èyí? Kò ní ata o, àmọ́ ó ń yọ́ lẹ́nu bíi bọ́tà!"

Kí lẹ wí? Pé kò mọ̀? Ó sọ fún yín pé òun ò mọ̀? Bébà mi ńkọ́? Bébà tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ! Ibi tí mo ti rí i ni abẹ́ ìgò bíà, ó fi gbé ìgò lé kí tábìlì má bàa tutù. Safurat ní òun wí fún un, òun ní, "Bọ̀ọ̀dá, ti bàbá ni o," ó ní bàbá kan náà ni bàbá òun.

Mi ò lè pariwo, torí bàbá ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ọ̀ṣẹ́nì dì wọ́n mú lápá kan. Wọ́n wo tábìlì, wọ́n wo ìkòkò, wọ́n wo ẹnu Rufus tó ń dán. Rufus dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, mi ò mọ̀ pé ẹ ti wà lọ́nà, ẹran ṣáà ni, màá ra odindi màlúù fún yín." Ẹ mọ ohun tí bàbá wí? Wọ́n ní, "Rufus, ṣé ó dùn?"

Ó ní, "Ó dùn, Bàbá."

Wọ́n ní, "Ó dáa. Ó dáa bẹ́ẹ̀." Wọ́n wá súre fún un! Wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n súre fún un!

Mo gbé wọn jókòó sídìí tábìlì. Wọ́n ní kí n bu omi ẹran náà wá. Mo rẹ búrẹ́dì sí i, wọ́n fi sẹ́nu, wọ́n lá a díẹ̀, wọ́n ní, "Iyọ̀ rẹ̀ ṣe rẹ́gí, Yèyé." Ó parí. Wọn ò lá a mọ́. Wọ́n ní ká máa gbé àwọn lọ sílé. Láti Ìkàrẹ́ dé Ọ̀kà, wọn ò sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.

Mo mà tún ra òmíràn o! Lọ́jọ́ Ajé ni mo padà sọ́dọ̀ Suleiman. Mo tún kó o sínú iyọ̀, Safurat tún gbà á sínú fíríìjì. Mo ń ka ọjọ́: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ní àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún lẹ pè mí pé kí n máa bọ̀, pé bàbá ti sùn.

Rárá, Bàbá Ògúnsúyì, n ò sọ pé Rufus ló pa á. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Mo mọ̀ pé ẹran kì í dá ikú dúró. Àmọ́ ohun kan ṣoṣo ló béèrè lọ́wọ́ ayé kó tó lọ! Ọ̀kan ṣoṣo! Ẹni tó gbà á lẹ́nu rẹ̀ jẹ ló wá ń pa màlúù méjì báyìí, tó tẹ fọ́tò bàbá sórí bánà, tí wọ́n kọ ọ́ sí i pé òun lọmọ tó tọ́jú bàbá rẹ̀. Èmi sì ni kí n so épúrọ́ọ̀nù ìdáná mọ́dìí, kí n máa gé ẹran dábùú iṣan fún àwọn mẹ́ta ọjọ́sí, torí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní àwọn ò tíì gbàgbé adùn rẹ̀!

Ó dáa. Ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́. N ò fẹ́ ẹ̀bẹ̀, n ò fẹ́ kó dọ̀bálẹ̀ fún mi. Kó dìde dúró níwájú èrò lọ́jọ́ náà, níbi tó bá ti fẹ́ ka ìtàn ayé bàbá, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Mo jẹ oúnjẹ ìkẹyìn bàbá mi." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ilẹ̀ tó bò wọ́n, kí ẹnì kan sọ òótọ́ létí wọn. Bó bá lè sọ ọ́, màá sè é.

Ẹ ń wolẹ̀.

Ẹ ò ní sọ fún un. Mo mọ̀ yín. Ẹ máa dé ọ̀hún, ẹ ó ní Ìyátúndé kọ́kọ́ ṣàròyé díẹ̀ bí ìṣe obìnrin, ṣùgbọ́n ó ti gbà. Bí mo bá sì kọ̀, ta ni wọ́n máa dá lẹ́bi? Wọ́n á ní àkọ́bí Bàbá Kúùkù kò dá iná ìsìnkú bàbá rẹ̀. Ta ló máa ní kí wọ́n dákẹ́? Ẹ̀yin? Matthew tí kò lè wá? Ẹni tí ì bá gbè mí, òun náà ló wà nínú yìnyín ilé òkú yẹn.

Ẹ máa lọ, ilẹ̀ ń ṣú, òkè Ọ̀kà kò dára lálẹ́ pẹ̀lú àwọn tírélà yẹn.

Bàbá Ògúnsúyì, ẹ dúró ná. Ọjọ́ wo ni Rufus ní wọ́n máa gbé ẹran náà wá?