Ohun Tí Ràzáàkì Ṣe sí Mùtíù Lórí Ọ̀sà Nokoué

Òótọ́ tí Ràzáàkì ti ń sá fún láti ọdún pípẹ́ lé e bá lọ́sàn-án Sátidé kan ní àdúgbò Fidjrossè létíkun, níwájú àwọn ọ̀dọ́ tó wá kọ́ nípa orin búlúùsì lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwo orin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ tán ni. Ràzáàkì ní, "Ẹ gbọ́ bí olórin yẹn ṣe kọ ìlà kan lẹ́ẹ̀mejì kó tó dá ara rẹ̀ lóhùn? Àwọn ọmọ-ọmọ ẹrú tí wọ́n kó láti etíkun bíi tiwa yìí ló dá a sílẹ̀ nínú oko òwú ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ìyà lé wọn dé ìlú ńlá, wọ́n so gìtá mọ́ iná mànàmáná, ṣùgbọ́n ẹkún náà ò yí padà."

Ọmọbìnrin kan tó ń kàwé ní yunifásítì Calavi nawọ́. "Bàbá, Balqees lorúkọ mi. Mùtíù tó ń bá ọkọ̀ òkun ṣiṣẹ́ ló bí mi. Màámi ní bàbá mi ló kó àwọn àwo yìí dé, pé ẹ jọ wà nínú ọkọ̀ ojú omi lọ́jọ́ tó dà yín sómi. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe kú?"

Ohun tí Ràzáàkì sọ fún opó Mùtíù ni pé ìgbì gbé Mùtíù lọ kí òun tó yíjú. Bó bá tún un sọ, ta ni yóò mọ̀? Àmọ́ ojú Mùtíù gan-an lọmọ yìí fi ń wò ó.

"Irọ́ ni mo pa fún ìyá rẹ," ó wí. "À ń kó àwo lọ fi han ọ̀rẹ́ wa kan ní Ganvié, ìlú orí omi yẹn, ni ọkọ̀ bá dojú dé lórí ọ̀sà. Kúlà ẹja tá a kó àwo sí nìkan ló léfòó. Àwa méjèèjì dì í mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Bàbá rẹ ní, 'Ràzáàkì, jẹ́ ká da àwo nù, kó lè gbé wa.' Mo ní rárá. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹranko tí mo sọ! Ó nawọ́ sí ìdérí, mo ta á nípàá láyà. Ó rọ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀, ó ní, 'Ìyàwó mi lóyún o!' Mo tún ta á nípàá. N kò rí i mọ́. Ìwọ ni oyún náà."

Ràzáàkì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má fẹ́ràn ohunkóhun débi tẹ́ ẹ máa gba ẹ̀mí èèyàn nítorí rẹ̀. Balqees, dárí jì mí nítorí Ọlọ́run."

Balqees yọ fóònù, ó pe ìyá rẹ̀. "Màámi, ẹnì kan fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀." Ó gbé fóònù náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí Ràzáàkì. "Ẹ tún un sọ."

"Ta nìyẹn?" ni Màríámù, ìyá Balqees, ń béèrè lórí fóònù. "Ẹ máa wí, mò ń gbọ́."

"Màmá Balqees," Ràzáàkì wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wá nǹkan jókòó lé."